Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin àti àwọn páúdà inú ike

Tí ọ̀dọ́ kan tí kò ṣe eré ìdárayá rí bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin déédéé, ara rẹ̀ á yí padà láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, yálà ó lo páúdà tàbí kò lò ó. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ àfikún oúnjẹ ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Ọmọ ọdún 22 á forúkọ sílẹ̀ ní jíìmù, á ra ike whey (páúdà purotíìnì tí wọ́n yọ lára wàrà) àti ike pre-workout (páúdà tí wọ́n ń mu ṣáájú irin) lọ́jọ́ kan náà, á sì máa lò wọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ike. Nígbà tó bá fi di ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ẹ̀wù ti ń fún un lápá, irin tó ń mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ti di ohun tó ń gbé nígbà mẹ́wàá láìsinmi. Ó dá a lójú pé inú ike ni agbára náà ti wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbin àgbàdo nígbà àkọ́rọ̀ òjò, tó tún ń bu omi àgbo sí i nídìí, kò ní bó ṣe máa mọ̀ bóyá òjò ló ṣiṣẹ́ àbí àgbo.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ mọ ohun tí ẹ̀ ń sanwó fún. Àfikún oúnjẹ tó wúlò fún yín kò pọ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó wúlò gan-an, àwọn kan kò ṣe rere kò ṣe búburú, àwọn kan sì wà tó lè dín èrè iṣẹ́ tí ẹ ṣe kù.

Ìwádìí kan wà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005 tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń wọ jíìmù mọ̀. Wọ́n kó ọ̀dọ́ 585 jọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, wọ́n ní kí wọ́n fi apá kan ṣoṣo gbé irin fún ọ̀sẹ̀ 12. Ẹni tó bá ń lo creatine (páúdà kan tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú), páúdà purotíìnì tàbí ohun mìíràn tí wọ́n ní ó ń mú iṣan tóbi, wọn kò gbà á wọlé. Síbẹ̀, iṣan apá àwọn kan fi ìdá 59 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, ti àwọn mìíràn kò sì tóbi rárá. Tí a bá tún wá wo ìwọ̀n irin tí wọ́n lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn kan kò lé sí i, àwọn kan sì lé e dé ìdá 250 nínú ọgọ́rùn-ún. Irin kan náà, ọ̀sẹ̀ kan náà, láìsí páúdà kankan. Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ yín bá fi àwòrán ara rẹ̀ hàn yín, tó ní páúdà báyìí-báyìí ló ṣe é, ẹ rántí pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ara wọn ń tètè dáhùn. Bákan náà lọ́rọ̀ eré sísá àti kẹ̀kẹ́ gígùn ṣe rí. Nínú ìwádìí HERITAGE tí wọ́n ṣe fún àwọn ìdílé tí kì í ṣe eré ìdárayá, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 lórí kẹ̀kẹ́, oxygen tí ara lè lò ní ìṣẹ́jú kan fi nǹkan bí mílílítà 400 lé sí i ní ìpíndọ́gba. Àwọn kan kò rí èrè kankan, àwọn kan sì lé lítà kan kọjá.

Ohun mìíràn tó ń tan èèyàn jẹ ni pé agbára máa ń ṣáájú títóbi iṣan dé. Ní oṣù àkọ́kọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú agbára tuntun yẹn ọ̀dọ̀ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ló ti wá: ọpọlọ ń kọ́ bó ṣe máa pe ọ̀pọ̀ fọ́nrán iṣan sí iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn iṣan tó ń fa ara wọn sẹ́yìn náà sì ń kọ́ láti jọ̀wọ́ ara wọn. Kò sí páúdà tó lè kọ́ ọpọlọ níyẹn. Àṣetúnṣe ló ń kọ́ ọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ má ra ohunkóhun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́. Kó ra ìwé kékeré kan. Kó máa kọ irin tó gbé, iye ìgbà tó gbé e, àti ìwọ̀n ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wọn ara yín láàárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ẹ tó jẹun. Ẹ wọ̀n ọ́n ní àárọ̀ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ pín in dọ́gba, nítorí pé omi àti iyọ̀ nìkan lè gbé ìwọ̀n ara sókè sódò ní kìlógíráàmù kan láàárín ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ fi ohun kan ṣoṣo kún un, kí ẹ má pàrọ̀ nǹkan mìíràn, kí ẹ sì máa kọ ọ́ lọ. Ẹni tó bá mú ohun mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí inú rẹ̀ bá ń run ún kò ní mọ èyí tó fà á, bí agbára rẹ̀ bá sì lé kò ní mọ èyí tó yẹ kó tún rà.

Irin kọ́kọ́

Ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ tó: ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. Ohun márùn-ún pére ni kí ẹ máa ṣe: kí ẹ lóṣòó pẹ̀lú irin kí ẹ sì dìde, kí ẹ gbé irin láti ilẹ̀ títí ẹ ó fi nàró, kí ẹ dùbúlẹ̀ kí ẹ ti irin kúrò láyà (press-up náà dára tí irin kò bá sí), kí ẹ tẹ̀ síwájú kí ẹ fa irin wá sí ikùn, kí ẹ sì ti irin sókè orí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, sẹ́ẹ̀tì méjì ní ìgbà mẹ́wàá-mẹ́wàá, pẹ̀lú irin tó fúyẹ́ débi pé ẹ ṣì lè gbé e nígbà mẹ́rin sí i kí ó tó sú ọwọ́. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá, kí ó ku ìgbà méjì lára yín. Ẹ sinmi ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta láàárín sẹ́ẹ̀tì kan sí òmíràn. Ẹni tó ń sinmi ìṣẹ́jú ààbọ̀ kí ó lè máa làágùn, ó ń dín irin tó lè gbé kù ni.

Nígbà tí ẹ bá gbé e dé ìgbà méjìlá nínú sẹ́ẹ̀tì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó sì rí bẹ́ẹ̀ nígbà méjì tẹ̀léra, ẹ fi kìlógíráàmù 2.5 kún ti apá àti àyà, 5 kún ti ẹsẹ̀. Àwo irin 1.25 lọ́tùn-ún àti lósì ni 2.5 yẹn túmọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ jíìmù àdúgbò kò ní àwo kékeré yẹn, ibẹ̀ sì ni ìtẹ̀síwájú ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dúró, pàápàá àwọn obìnrin, torí pé láti 20 lọ sí 25 lórí títi irin sókè orí, fífò ńlá ni. Ẹni tó bá fẹ́ náwó, kó kọ́kọ́ ra àwo 1.25 méjì, kó máa gbé e lọ nínú báàgì. Mo gbà pé ó wúlò fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ju ìdajì ohun tó wà lórí pẹpẹ ilé ìtajà àfikún oúnjẹ lọ.

Ìdí tí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ fi gbọ́dọ̀ fúyẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù. Ìgbà tí a bá ń sọ irin kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni fọ́nrán iṣan tí kò mọ iṣẹ́ náà rí máa ń ya jù. Ìrora á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, á le jù láàárín wákàtí 24 sí 72, á sì lọ. Bí ẹ bá tún ṣe iṣẹ́ kan náà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìrora náà kò ní tó ti àkọ́kọ́, nítorí pé iṣan ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ọjọ́ àkọ́kọ́ gbìyànjú láti bá àwọn àgbà jíìmù dọ́gba, iṣan rẹ̀ lè fọ́ débi pé ohun inú rẹ̀ á tú sínú ẹ̀jẹ̀, á sì lọ dí kíndìnrín. Àmì rẹ̀ ni ìtọ̀ tó dúdú bíi Coke, iṣan tó wú tó sì le, àti àárẹ̀ tó ju ti ìdárayá lọ. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni, kì í ṣe omi àgbọn. Ní Nàìjíríà, níbi tí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ti jẹ́ AS, ọ̀rọ̀ yìí tún kàn wá jù. Èèyàn AS lè ṣe eré ìdárayá dáadáa, àmọ́ kó mọ jẹ̀nótáìpù rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kó máa mu omi, kó má sá eré àsápajúdé tẹ̀léra lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, kó sì dúró lójú ẹsẹ̀ tí ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀yìn bá ń ro ó lọ́nà tí kò bá iṣẹ́ tó ṣe mu. Ẹni tó jẹ́ SS, dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ni kó bá jókòó kó tó fọwọ́ kan irin.

Purotíìnì: inú ìkòkò ló pọ̀ sí

Lọ́dún 2018, wọ́n kó ìwádìí 49 tó kan èèyàn 1,863 pọ̀ láti mọ ohun tí àfikún purotíìnì ń fi kún iṣẹ́ irin. Ohun tí wọ́n rí ni pé, ní ìpíndọ́gba, nǹkan bí gíráàmù 300 ló fi kún ẹran ara tí kì í ṣe ọ̀rá, yàtọ̀ sí èyí tí irin fúnra rẹ̀ ti fún wọn. Àwọn tó ti ń gbé irin tipẹ́ jèrè jù àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹni kan bá sì ti ń jẹ nǹkan bí gíráàmù 1.6 fún kìlógíráàmù ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, èyí tó bá fi kún un lẹ́yìn náà kò tún mú iṣan tóbi sí i.

Fún ẹni tó wọn kìlógíráàmù 60, 96 ni 1.6 náà. Ẹ jẹ́ ká kà á nínú oúnjẹ wa. Ẹyin mẹ́ta láàárọ̀, gíráàmù 18. Búrẹ́dì ègé méjì tó bá a rìn, 5. Ẹ̀wà sísè gíráàmù 300 lọ́sàn-án, 24, ìrẹsì gíráàmù 250 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nǹkan bí 6. Ẹja títù gíráàmù 150 lẹ́yìn tí ó ti jinná, nǹkan bí 33. Ẹ̀pà sísun ẹ̀kúnwọ́ kan àtààbọ̀, ìyẹn gíráàmù 50, á fún yín ní 12. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 98, láìsí páúdà. Ibi tí àwọn ọmọ yunifásítì ti ń ṣubú ni ọjọ́ tí gàrí bá di oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì: gíráàmù 100 gàrí kò ní ju gíráàmù purotíìnì kan tàbí méjì lọ. Ẹ̀pà àti mílíìkì tí a bù sí i ni purotíìnì wà, nítorí náà ẹ má ṣe fi ẹ̀pà ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, sóyà àti edé gbígbẹ ló rọrùn jù fún àpò.

Ẹ pín in sí oúnjẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 20 sí 30. Ọ̀rọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ mu whey láàárín ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn irin kò múlẹ̀. Àpapọ̀ ọjọ́ náà ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó jẹ ẹ̀wà àti ẹja ní wákàtí méjì ṣáájú kò ní ìdí láti sáré.

Tí ọwọ́ yín bá dí tí ẹ kò lè sè, whey dára. Ìwọ̀n ṣíbí inú ike kan máa ń jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 30 páúdà, tí 20 sí 25 nínú rẹ̀ jẹ́ purotíìnì. Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Àkọ́kọ́, ara ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa kì í lè da ṣúgà inú wàrà, nítorí náà ikùn wọn á máa kùn, gáàsì á pọ̀, ìgbẹ́ á sì di omi. Èyí tí wọ́n kọ concentrate sí ló ní ṣúgà yẹn jù. Èyí tí wọ́n kọ isolate sí ní díẹ̀ gan-an. Ẹ fi omi pò ó, kì í ṣe mílíìkì. Sóyà kò ní in rárá.

Ìkejì ni àbùlà. Ẹ̀rọ ayẹ̀wò àtijọ́ kì í wọn purotíìnì fúnra rẹ̀. Nitrogen ló ń wọ̀n, tí wọ́n á wá sọ ọ́ di púpọ̀ ní ìlọ́po 6.25. Oníṣòwò tí kò lẹ́rìí ọkàn á wá bu glycine tàbí taurine sí i, tí owó wọn kò pọ̀, tí nitrogen wà nínú wọn, ẹ̀rọ á sì kà wọ́n mọ́ purotíìnì. Iṣan kò lè fi wọ́n nìkan kọ́ ara. Ẹ yẹ ẹ̀yìn ike wò: tí wọ́n bá to glycine, taurine tàbí creatine mọ́ ohun èlò whey, ẹ fi í sílẹ̀. Tí wọ́n bá kọ iye leucine (ègé purotíìnì tó ń sún iṣan láti kọ́ ara rẹ̀), kí ó tó nǹkan bí gíráàmù 2.5 nínú purotíìnì gíráàmù 25.

Creatine, èyí tó tó rà

Nínú gbogbo ohun tó wà lórí pẹpẹ, èyí nìkan ni mo lè sọ fún ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le pé kó rà láìṣiyèméjì, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn. Kì í ṣe ohun àjèjì: Chevreul, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló yọ ọ́ jáde láti inú ẹran lọ́dún 1832. Ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe é, ẹran àti ẹja sì ní in. Ẹni tó wọn 70 ní nǹkan bí gíráàmù 120 lára, iṣan ló sì kó èyí tó ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ mọ́ra. Ó ń lọ nǹkan bí gíráàmù méjì lójúmọ́ nínú ìtọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń tètè dá agbára padà fún iṣan nínú iṣẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, irú bí ìgbà kẹsàn-án àti ìkẹwàá nínú sẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó lè gbé e nígbà mẹ́jọ lè gbé e nígbà mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, àfikún ìgbà kan tàbí méjì yẹn ni iṣan á wá máa jèrè rẹ̀ lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Tí ẹ kò bá gbé irin, kò ní gbé e fún yín.

Ọ̀nà méjì ló wà láti lò ó. Àwọn kan ń lo gíráàmù márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún sí méje, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí mẹ́ta tàbí márùn-ún. Àwọn mìíràn ń lo mẹ́ta lójúmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1996, wọ́n fi ọ̀nà méjèèjì wéra, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ 28, iye tó wà nínú iṣan wọn dọ́gba. Ẹni tí kò ní ìdíje níwájú, kí ló ń lé e? Mẹ́ta sí márùn-ún lójúmọ́, ìgbà yòówù, ọjọ́ irin àti ọjọ́ ìsinmi. Ike kan tó jẹ́ gíráàmù 300 á lo oṣù méjì sí mẹ́ta.

Monohydrate lásán ni kí ẹ rà. HCl àti àwọn tó lórúkọ ńlá kò ṣe ju u lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní ethyl ester kò tiẹ̀ ṣe tó o. Ẹ fi òṣùwọ̀n kékeré wọn ṣíbí inú ike náà lẹ́ẹ̀kan, torí pé ṣíbí tí a bù ní gọngọ àti èyí tí a gé orí rẹ̀ lè fi gíráàmù kan tàbí méjì yàtọ̀ síra. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń jẹ́ kó tètè yọ́. Ẹ mu ún lójú ẹsẹ̀. Tí ó bá wà nínú omi fún ọjọ́ mélòó kan, á máa di creatinine, èyí tí iṣan kò lè lò. Lásìkò òjò, páúdà náà lè dì gbagidi nínú ike. Kò bàjẹ́, ọ̀rinrin ló mú un. Ẹ fọ́ ọ pẹ̀lú ṣíbí gbígbẹ, kí ẹ sì dé e pa. Ẹni tó bá mu gíráàmù mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan sórí ikùn òfìfo, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló máa ti parí ọjọ́ náà.

Ara á fi kìlógíráàmù kan sí méjì wúwo sí i, pàápàá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ fún ẹni tó ń lo gíráàmù ogún lójúmọ́. Omi ni, inú iṣan ló wà, kì í ṣe ọ̀rá. Mo ń sọ èyí fún àwọn obìnrin tó ń jù ú sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin nítorí òṣùwọ̀n. Àwọn tí kì í jẹ ẹran ló máa ń rí èrè rẹ̀ jù, torí pé èyí tó wà lára wọn kò pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kíndìnrín wá kù. Creatine kò ba kíndìnrín ẹni tí ara rẹ̀ le jẹ́ ní ìwọ̀n yìí, àmọ́ ó ń gbé creatinine sókè nínú ẹ̀jẹ̀, ohun náà gan-an ni ilé ìwòsàn sì fi ń wọn kíndìnrín. Dókítà tí kò mọ̀ pé ẹ ń lò ó lè rò pé kíndìnrín yín ti ń kú. Ẹ sọ fún un. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ yẹ ara yín wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ìfúnpá, purotíìnì nínú ìtọ̀, àti creatinine. Kì í ṣe àṣerégèé fún wa. Lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ fi hàn pé oríṣi àbùdá APOL1 méjì tó ń jẹ́ kí àìsàn kíndìnrín tètè mú èèyàn wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn Yorùbá Ìbàdàn sì wà lára àwọn tí wọ́n fi àbùdá wọn wò ó. Ẹni tí àìsàn kíndìnrín bá wà nínú ìdílé rẹ̀, tàbí tí purotíìnì bá jáde nínú ìtọ̀ rẹ̀, kó fi ike náà sílẹ̀ títí dókítà á fi rí i.

Fítámínì C tó ń họ nínú omi

Èyí ló ń dùn mí jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi èrò rere ṣe é. Tábúlẹ́ẹ̀tì ńlá tó ń họ nínú omi, 1000 mílígíráàmù, lójoojúmọ́, kí ara lè le. Lọ́dún 2009, àwọn onímọ̀ ní Jámánì mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin, ìdajì wọn kò ṣe eré ìdárayá tẹ́lẹ̀, wọ́n jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n fún àwọn kan ní 1000 mílígíráàmù fítámínì C àti 400 IU fítámínì E lójúmọ́, wọ́n fún àwọn yòókù ní ohun òfìfo tó jọ ọ́. Ọ̀kan nínú èrè ńlá tí eré ìdárayá ń mú wá ni pé ara á tètè máa gbọ́ràn sí insulin, tí ṣúgà kò fi ní dúró nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó lo ohun òfìfo rí èrè yẹn. Àwọn tó lo fítámínì kò rí i, yálà wọ́n ti ń ṣe eré ìdárayá tẹ́lẹ̀ tàbí wọn kò ṣe é. Lọ́dún 2014, ní Norway, wọ́n fún àwọn kan lára ọ̀dọ́ 54 ní ìwọ̀n fítámínì C kan náà pẹ̀lú E mílígíráàmù 235 fún ọ̀sẹ̀ 11. Eré sísá wọn gbèrú bákan náà, àmọ́ nínú iṣan, àmì pé mitochondria, ibi tí iṣan ti ń dáná agbára, ń pọ̀ sí i hàn lára àwọn tó lo ohun òfìfo nìkan.

Ìdí rẹ̀ rèé. Nígbà tí iṣan bá ń ṣiṣẹ́, àwọn ẹ̀yà oxygen tó gbóná máa ń jáde lára rẹ̀. Wọ́n kọ́ wa pé ohun búburú ni wọ́n, wọ́n sì lè burú tí wọ́n bá pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n ti eré ìdárayá, ìránṣẹ́ ni wọ́n: àwọn ni ara fi ń gbọ́ pé iṣẹ́ ti pọ̀, kó kọ́ mitochondria sí i, kó sì pèsè ohun ààbò tirẹ̀. Fítámínì tó pọ̀ jù á gbá ìránṣẹ́ náà mọ́ kó tó jíṣẹ́. Àgbà ọkùnrin nílò nǹkan bí 90 mílígíráàmù C lójúmọ́, obìnrin 75. Ọsàn kan máa ń ní nǹkan bí 70, gúáfà kan sì lè lé ní 100. Ọsàn kò ní dí yín lọ́wọ́. Ẹ máa jẹ ẹ́, kí ẹ fi tábúlẹ́ẹ̀tì 1000 sílẹ̀ ní àkókò tí ẹ̀ ń kọ́ ara yín.

Fítámínì D yàtọ̀, fún àwọn ará wa ní Britain pàápàá. Àwọ̀ dúdú àti oòrùn tí kò tó kì í bára wọn rẹ́, NHS (ètò ìlera ìjọba ibẹ̀) sì gba àwọn aláwọ̀ dúdú níyànjú láti ronú nípa máíkírógíráàmù mẹ́wàá lójúmọ́ yípo ọdún. Ó wà fún egungun àti iṣan ẹni tí tirẹ̀ kò tó. Kì í ṣe oògùn agbára. Áyọ́ọ̀nù (iron, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀) náà, ẹ má dédé gbé e mì. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ pọ̀, tí àárẹ̀ rẹ̀ kò bá irin tó gbé mu, kó lọ yẹ ferritin rẹ̀ (àmì áyọ́ọ̀nù tó wà nípamọ́ lára) wò ná.

Pre-workout, ká sọ òótọ́, káfíìnì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Káfíìnì ń ṣiṣẹ́: mílígíráàmù mẹ́ta fún kìlógíráàmù kan, wákàtí kan ṣáájú, ìyẹn 180 fún ẹni 60. Àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù ní kí àgbàlagbà má kọjá 200 lẹ́ẹ̀kan, 400 lójúmọ́. Agolo energy drink 250 mílílítà sábà máa ń ní 80, obì tí ẹ jẹ lọ́sàn-án náà ní tirẹ̀, ẹ kà á mọ́ ọn. Ẹni tó bá mu ún ní agogo méje alẹ́, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ lọ́gànjọ́, oorun tó pàdánù á sì gba èrè náà padà. Páúdà káfíìnì lásán tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má fọwọ́ kàn án: ṣíbí tíì kan tó nǹkan bí ife kọfí 28, ó sì ti pa ọ̀dọ́. Ara tó ń yún èèyàn lẹ́yìn pre-workout, beta-alanine ló fà á. Kò léwu, àmọ́ ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó wúlò, iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan sí mẹ́rin ló sì wà fún. BCAA, ìyẹn àwọn ègé purotíìnì mẹ́ta kan, ẹ̀wà àti ẹja ti fún yín. Mass gainer, ṣúgà àti sítáàṣì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ sanra lè fi ẹ̀pà, òróró àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún oúnjẹ rẹ̀.

Ohun tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má lò rárá ni hóró tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá kékeré fún àwọn tó fẹ́ sanra kíákíá. Dexamethasone (oògùn steroid) ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, tàbí cyproheptadine (oògùn ara yíyún tó ń mú ebi pani), nígbà mìíràn méjèèjì. Dexamethasone ń jẹ́ kí ebi pa èèyàn, ó ń kó ọ̀rá àti omi sí ojú àti ikùn, ojú á wá yí bí òṣùpá. Èèyàn á rò pé òun ń ki. Lábẹ́ rẹ̀, ó ń fọ́ iṣan apá àti itan, ó ń gbé ṣúgà àti ìfúnpá sókè, ó ń sọ egungun di aláìlágbára. Ẹni tó ń lò ó tó sì ń gbé irin, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń kọ́lé, ọwọ́ òsì ń wó o. Ẹni tó bá ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó má dédé dáwọ́ rẹ̀ dúró lọ́jọ́ kan, torí pé ara rẹ̀ ti lè gbàgbé bó ṣe ń ṣe tirẹ̀, ó sì lè dákú. Dókítà ló máa bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, kí ẹ sì wá a nínú Greenbook, àkọsílẹ̀ àwọn ọjà tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí orúkọ àti nọ́ńbà bára mu. Títẹ nọ́ńbà sára ike kò ṣòro fún ayédèrú. Ìlérí pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é nìkan kò tó, torí pé lábẹ́ òfin wọn ti 1994, ìjọba kì í yẹ àfikún oúnjẹ wò kó tó dé ọjà. Ẹni tó ń díje, tí wọ́n lè yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, kó wá èyí tó ní àmì Informed Sport tàbí NSF Certified for Sport (àwọn tó ń yẹ àfikún oúnjẹ wò fún ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ fún eléré ìdárayá), kó rí i pé nọ́ńbà batch (ti àwọn tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) tó wà lára ike rẹ̀ wà lórí àtẹ wọn, kó sì fi páúdà díẹ̀ sílẹ̀ nínú ike náà títí ìdíje á fi parí, torí pé òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa bi léèrè ohunkóhun tí wọ́n bá bá nínú ìtọ̀ rẹ̀.